Ẹrù Èjìká

Mẹ́ta ni wọ́n, wọ́n fi ìwé ìròyìn wé wọn bí ẹja gbígbẹ.
Dírẹ́bà ọ̀gá kan ní Àsókòrò ló kó wọn wá bá mi ní Garki:
"Wọ́n ní fírémù aláwọ̀ wúrà ni o,
kí gíláàsì rẹ̀ má dán jù.
Kó sì yá, àlejò ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì."

Mo tẹ́ wọn sórí tábìlì.
Bébà ti pọ́n bí eyín arúgbó tó ń jobì,
ikán ti jẹ etí ọ̀kan,
ọ̀rinrin ti fọ́n àmì pupa ká ojú ọ̀run rẹ̀.
Erékùṣù ni. Òkè dúró ṣánṣán láàárín òkun,
àwọsánmà wé e lórí bí láwàní,
ọkọ̀ onígbòkun méjì sọ ìdákọ̀ró sílẹ̀ níbi tí omi ti rọ̀.

Mo fi awò wò ó. Kò sí ọ̀dà níbẹ̀, ìlà ni gbogbo rẹ̀.
Ẹnìkan ló jókòó, tó fi irin mímú họ bàbà,
ìlà lórí ìlà.
Ìlà ni mo pè é; bí ohùn bá gòkè díẹ̀ lẹ́nu mi, ilà ni:
wọ́n kọ gọ́ńbọ́ fún ilẹ̀ tí kì í ṣe ọmọ wọn.
Igi àgbọn ibẹ̀ sì rí bákan,
ewé rẹ̀ dà bí ìyẹ́ adìẹ tí òjò pa.
Mo mọ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó rin ìrìn àjò kọ́ ló gbẹ́ ẹ;
ẹlòmíràn ni, nílùú olótùútù, tí wọ́n ní kó gbẹ́ àgbọn,
tí kò sì fi ẹnu kan àgbọn rí.

Orúkọ ọkọ̀ wà nísàlẹ̀, orúkọ ọ̀gá ọkọ̀ wà,
orúkọ ẹni tó yà á, orúkọ ẹni tó gbẹ́ ẹ.
Orúkọ tí àwọn onílẹ̀ ń pe òkè náà, mo wá a tì.
Àwọn ènìyàn etíkun kò ju hóró ìrẹsì lọ.
Wọ́n fi wọ́n síbẹ̀ kí a lè mọ bí òkè ṣe ga tó ni.
Èmi náà, bí mo bá ń fi fóònù ya fírémù fún oníbàárà,
mo máa ń gbé kọ́kọ́rọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Gimbiya tó ń bá wa gbálẹ̀ wá dá ìgbálẹ̀ padà.
Ó dúró. Ó bẹ̀rẹ̀ wò ó.
Ó na ìka sí obìnrin kan ní etí bébà
(mo ní, "Má fọwọ́ kàn án, ọwọ́ ẹ lómi!").
"Ẹ wo èyí. Èjìká ló fi gbẹ́rù. Gbagyi ni."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní ibo ni Gbagyi ti rí òkun?
Ó ní, "Orí ni ọba ara, a kì í di ẹrù rù ú.
Ẹni tó bá mọ ìyẹn, ẹbí wa ni.
Ta ló ń gbé ibẹ̀ báyìí?"
Mo ní n kò mọ̀.
"Wọ́n á ti kó wọn lọ," ó ní, bí ẹni ń sọ iye gààrí.
"Ilẹ̀ tó bá ti dára nínú àwòrán tó báyìí,
wọ́n á ti kó àwọn ará ibẹ̀ lọ."

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni nígbà tí típà kó wọn,
àtènìyàn àtìkòkò, láti abẹ́ àpáta lọ sí Kubwa.
Ṣáájú ìyẹn, àwọn ọkùnrin kan gbé irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta wá,
wọ́n ń fi ojú kan wo òkè, wọ́n ń kọ ọ́ sílẹ̀.
Ìyá rẹ̀ bu omi fún wọn mu.
Nínú máàpù tó jáde, odò wà, àpáta wà.
"Ilé wa ò sí."

Èmi tí mo ti ń pe ibí ní ìlú tuntun fún ọdún mọ́kànlélógún,
mo rí i pé gíláàsì tó ti mọ́ ni mò ń nù.

Lọ́jọ́bọ̀, mo gé páálí tó máa yí àwòrán náà ká.
Bí mo bá gé e bó ṣe yẹ, yóò bo ibi tí ikán jẹ,
yóò sì bo obìnrin náà.
Mo wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Mo gé e kéré.

Dírẹ́bà fajú ro: "Ọ̀gá, ihò ikán mà hàn!"
Mo ní ó hàn.
Ó yọ ẹgbẹ̀rún mẹ́ta kúrò nínú owó mi nítorí ihò náà.
N kò bá a jà.